Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ń da ọkàn mi láàmú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Bódìjà níbí ni mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá èèyàn lówó lórí fóònù. Bí ẹni tó yáwó bá pẹ́ san, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, àna rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, pé olè ni. Mo rí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹnì kan: àwòrán ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n kọ “OLÈ” gàdàgbà sí i. Apá tó ń kó nọ́ńbà jọ gan-an ni iṣẹ́ tèmi.

Ọ̀gá mi ní kò kàn mí, pé èmi kọ́ ni mò ń fi í ránṣẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2018, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Google fọwọ́ sí ìwé tako iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ológun Amẹ́ríkà ṣe, Google ò sì tún àdéhùn náà ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n àwa ò tó nǹkan níbí, èmi ni mo sì ń san owó ilé-ìwé àbúrò mi.

Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí kí n kọ̀ láti ṣe apá yẹn nìkan? Ẹni tó bá ti fẹjọ́ irú èyí sun FCCPC (àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà) rí, báwo lẹ ṣe ṣe é tí orúkọ yín ò fi jáde?