Jẹ tàbí jẹ̀: èsì sí "ẹran ajẹko"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ti ka ìwé pélébé tí ọ̀kan nínú wa ní Ilé-Ifẹ̀ túmọ̀ fún àwọn alápatà àti àwọn tí ń sin màlúù, níbi tí ó ti pe ẹran màlúù tí a fi koríko pápá nìkan tọ́ dàgbà ("grass-fed" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "ẹran ajẹko". Mo sì ti ka èsì tí ó wá láti Iléṣà pé kí a máa pè é ní "ẹran oníkoríko". N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan.

"Oníkoríko" kò gbọdọ̀ gbà wá lákòókò. Bí a bá fi oní- kún orúkọ oúnjẹ, ohun tí a sè mọ́ ọn ni a ń sọ, bí ọbẹ̀ ẹlẹ́gùúsí àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ẹran oníkoríko" ní ọjà yóò béèrè ẹni tí ó da koríko sínú ìkòkò.

"Ajẹko" ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Kò sí màlúù tí kì í ṣe ajẹko. Ní Amẹ́ríkà, orí pápá ni a ti ń bí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ màlúù, wọ́n a sì máa jẹ koríko lẹ́yìn ìyá wọn, kí a tó kó wọn lọ sínú ọgbà tí kò ní koríko, níbi tí wọn yóò ti máa jẹ àgbàdo fún bí oṣù 4 sí 6 kí a tó pa wọ́n. Ajẹko ni àwọn náà. Orúkọ "grass-fed" kò rọrùn fún àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó ni ín pàápàá: ní 2007, ìjọba wọn fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹran tí yóò bá jẹ́ orúkọ náà kò gbọdọ̀ jẹ ọkà lẹ́yìn tí a bá ti já a lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n wọ́gi lé ìlànà náà.

Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí jẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Bàbá tí ó bí bàbá mi sin àgùntàn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Bí wọ́n bá da èèpo iṣu sílẹ̀ fún àwọn àgùntàn náà, wọn a ní "wọ́n ń jẹun". Bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a ní "wọ́n ti jẹ̀ lọ". N kò gbọ́ kí wọ́n ṣi ọ̀kan lò fún èkejì rí. Jẹ̀ ní ìrìn nínú, ó ní ṣíṣà nínú: ẹran a já ewé yìí, a fi tọ̀hún sílẹ̀, a sún síwájú. Màlúù tí a so mọ́lẹ̀, tí a gé eèsún wá fún, jẹ koríko, ṣùgbọ́n kò jẹ̀. Ta ni nínú wa tí àgbà kan kò kọ́ ní èyí?

Ẹ sì wò ó, èdè wa ti ní orúkọ fún òdìkejì rẹ̀. Nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, "ẹgbọrọ màlúù àbọ́pa" ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì kọ. À-bọ́-pa: a bọ́ ọ, a pa á. Màlúù inú ọgbà àgbàdo gan-an nìyẹn. Nítorí náà, ìlànà kan náà ni mo tẹ̀ lé tí mo fi ní kí a pe ti pápá ní "màlúù àdàjẹ̀": à-dà-jẹ̀, èyí tí a dà kí ó lè jẹ̀.

Ẹnìkan ti kìlọ̀ pé dà yóò mú ìjà darandaran àti àgbẹ̀ wá sọ́kàn, pàápàá láti ìgbà tí àwọn gómìnà gúúsù ti pàdé ní Asaba ní oṣù karùn-ún 2021, tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí a máa da ẹran kiri ní gbangba mọ́. Dídà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, oko olóko ni. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a fi ọgbà yí ilẹ̀ tirẹ̀ ká, a pín in sí ọ̀nà púpọ̀, a sì máa da agbo láti ìpín kan sí òmíràn, kí koríko lè hù padà kí wọ́n tó yí dé ibẹ̀, kí ìgbẹ́ wọn sì ká gbogbo ilẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìyàtọ̀ náà hàn lára ẹran. Ọ̀rá màlúù àdàjẹ̀ a máa pọ́n rúsúrúsú, nítorí kárótíìnì inú koríko tútù, ohun kan náà tí ń kun epo pupa. Ti àbọ́pa a máa funfun. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ẹran àdàjẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ pọ́n náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹran àdàjẹ̀ kì í sábà lọ́ràá púpọ̀, omega-3 (irú ọ̀rá kan tí ń ṣara lóore) àti fítámì E inú rẹ̀ sì máa ń ju ti àbọ́pa lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja olọ́ràá fi omega-3 ju ẹran màlúù èyíkéyìí lọ, èyí tí ó yẹ kí ìwé pélébé náà sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ pé orúkọ "màlúù" fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti èdè wa, tí ó fẹ́ kí a padà sí "erinlá", dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ó sọ pé láti inú jẹ̀ yìí ni orúkọ Ìjẹ̀ṣà ti wá; n kò gbà, n ó sì dá a lóhùn lọ́tọ̀.

Kí olùtúmọ̀ wa tó kó ìwé náà fún òǹtẹ̀wé, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa "ajẹko" rẹ́, kí wọ́n kọ "ẹran màlúù àdàjẹ̀", kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí jẹ̀ níbi gbogbo.