Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ti parí o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà, èmi tí mo kọ ọ́ síbí lóṣù tó kọjá pé pàtírọ́ọ̀nù mi, ìyẹn ọ̀gá mi, l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) fi mẹ́sèjì WhatsApp lé mi níṣẹ́ torí àpò sìmẹ́ǹtì méjìlá tó dàwátì. Mo lọ bá inspecteur du travail, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá, ó sì gbé demande d'explication kan (ìwé tí wọ́n fi ń ní kí òṣìṣẹ́ ṣàlàyé ara ẹ̀) dání pé òun ti fi bi mí léèrè kóun tó lé mi, irọ́ gbuu! Madame inspecteur wo ìwé, wọ́n wo fóònù mi, wọ́n ní "Mùsíyọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ lé e, ìwé yín jẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá." Ẹnu ẹ̀ wọhò. Wọ́n ní kódà ká ní mo jalè lóòótọ́, ó ti wà nínú Code du travail, òfin iṣẹ́, láti 1998 pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi, kí wọ́n sì kọ ìdí ẹ̀ sínú lẹ́tà. A fọwọ́ sí PV, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ àdéhùn wa sí, ọ̀gá san owó préavis (owó àsìkò tó yẹ kó fi sọ fún mi ṣáájú kó tó lé mi) àti ti kóńjé, ìsinmi tí mi ò lò, ó fún mi ní certificat, ìwé ẹ̀rí pé mo ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Mi ò padà o, ta ló fẹ́ máa ka sìmẹ́ǹtì lójú ẹni tó ti pè é lólè. Ẹni tó ní kí n má pa mẹ́sèjì yẹn rẹ́, ẹ ṣé gan-an ni. Ọjà Ouando ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.