Èsì: Ọkọ̀ tí èèyàn fi ṣe ilé kì í ṣe "ọkọ̀ agbélé"

Akọ́mọlédè kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ọmọ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnìkan dábàá lánàá pé kí á máa pe mọ́tò ńlá tí àwọn kan sọ di ilé wọn l'Ámẹ́ríkà, èyí tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, ní "ọkọ̀ agbélé", kí ètò ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sì máa jẹ́ "ìdójútòfò ọkọ̀ agbélé". Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ta ni agbélé? Ẹni tí kì í jáde ni. A- tó wà níwájú yẹn ló sọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ di olùṣe. Akérò ń kó èrò, akẹ́rù ń kó ẹrù. Kí ni agbélé fẹ́ ṣe? Á jókòó sílé. Ọkọ̀ tí wọ́n da aṣọ bò sí ẹ̀yìnkùlé lẹ sọ lórúkọ.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ní ètò tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò. Tí òtútù bá dé tí wọ́n gbé mọ́tò pamọ́, ẹni tó ni ín lè ní kí wọ́n yọ apá ìkọlù ojú títì àti gbèsè ẹlòmíràn, ìyẹn owó tí à ń san fún ẹni tí a bá ṣe ní jàǹbá, kúrò. Á wá ku olè, iná, ìjì àti yìnyín, owó á sì fúyẹ́. Ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ tó sì ń wà á kiri, tó bá tìtorí orúkọ tí ẹ dá yìí gba ètò ìpamọ́, lọ́jọ́ tó bá kọ lu ẹlòmíràn, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án.

Orí "gbé" ni ẹjọ́ wà, èèyàn ló sì ń gbé, kì í ṣe mọ́tò. "Ọkọ̀ ibùgbé" ni tèmi. Ìbéèrè tí aṣojú ilé-iṣẹ́ ń bi èèyàn náà nìyẹn: oṣù mélòó lọ́dún lẹ fi ń gbé inú rẹ̀? Bó bá ju oṣù 6 lọ, tàbí tí ẹ ò ní ilé mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn á ní kí ẹ gba ètò ti ibùgbé. Ti ìsinmi, ìyẹn ti ẹni tó kàn ń fi mọ́tò rẹ̀ rìnrìn-àjò ìsinmi, kò tó. Bí àlejò bá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn mọ́tò yín níbi tí ẹ gúnlẹ̀ sí, ètò ìsinmi lè sọ pé ilé yín nìyẹn, kó má san owó ìwòsàn rẹ̀. Ti ibùgbé ló ń gbé irú gbèsè yẹn bíi ti onílé. Ẹ má sì parọ́ oṣù, nítorí wọ́n lè fagi lé ìwé ìdójútòfò náà lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an.

Ọmọ Ìlọrin fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, "agbélé" kò dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n "ibùgbé" tí ẹ gbé wá, ibi ló ń tọ́ka sí, ibi kì í sì í rìn. Àwọn bàbá wa tó sọ ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfurufú lórúkọ kò kánjú bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rò ó, wọ́n á tún un rò. "Ilé alágbèéká" ló bá a mu.

Ẹ tún gbàgbé àdírẹ́sì. Ẹni tí kò nílé ṣì gbọ́dọ̀ ní ìpínlẹ̀ kan tí yóò fi forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. South Dakota, Texas àti Florida ni wọ́n fẹ́ràn jù: kò sí owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó tó ń wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba lẹ́tà dani sì wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìdójútòfò. Ẹni tó kọ Florida sílẹ̀, tí mọ́tò rẹ̀ sì ń sùn ní New York láti ọdún dé ọdún, ti fún wọn ní ẹ̀rí tí wọ́n á fi kọ̀ ọ́.

Akọ́mọlédè:

Àbúrò, "gbé" inú alágbèéká kì í ṣe "gbé" tí à ń sọ. Gbé ẹrù nìyẹn. Ilé tí kò ní ẹ́ńjìnì, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn pickup, òun ni alágbèéká, òfin tirẹ̀ sì yàtọ̀: lójú títì, ìwé ìdójútòfò ọkọ̀ tó ń fà á ló ń gba gbèsè ẹlòmíràn. Èyí tó ní ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ọdún tí mo ti fi ń kọ́ni ní gírámà kọjá kí n má mọ "gbé" méjì yàtọ̀ síra.

Ará Ìjẹ̀bú dá sí i:

Ẹ jẹ́ kí á kúrò lórí "gbé". "Òfò" inú "ìdójútòfò" gan-an ló ń dààmú mi. Òrùlé tó ń jò díẹ̀díẹ̀ títí pákó fi jẹrà, eku tó jẹ wáyà, rọ́bà ojú fèrèsé tó gbó: wọn kì í sanwó wọn. Gbígbó nìyẹn lójú wọn, kì í ṣe òfò. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa gun òrùlé yẹn, kí ẹ fi àtè dí ojú ibi tó bá sán, kí ẹ ya fọ́tò tó ní ọjọ́ lára. Ẹrù inú rẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, nítorí iye tí wọ́n ń san lórí ẹrù ní òdiwọ̀n. Kí ẹ sì bèèrè bóyá iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí ni wọ́n máa san tí ọkọ̀ bá jóná tán, tàbí iye tí ọjà bá dá lọ́jọ́ náà. Èkejì máa ń dín kù gan-an lórí mọ́tò tó ti pẹ́.

Nítorí náà "adójútòfò" kò pé. Àti pé a- ni ẹni tó ń ṣe é, ì- ni ètò. Èwo ni "madójútòfò" tí àwọn oníwèé ìròyìn ń kọ? Ta ló fi m- síbẹ̀?