Ṣé mo lè gbé ìbọn ọ̀dà kiri ìgboro Ìlọrin?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ra ìbọn ọ̀dà mẹ́rin, àwọn tí wọ́n ń pè ní paintball, ní tòkunbọ̀. Mo fẹ́ máa fi wọ́n pawó níbi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ yunifásítì ní Táńkè. Lánàá, mo gbé ọ̀kan kọ́ èjìká gba Post Office kọjá. Ọlọ́kadà tí mo dá dúró wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó fún un níná, ó lọ. Ìyá oníwàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ igbá sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀dà lásán ló ń tu jáde o! Mo níṣẹ́ ní Ọ̀fà ní Sátidé, ọkọ̀ èrò ni mo sì fẹ́ wọ̀. Ṣé òfin ní n má gbé e ní gbangba ni?

Ọmọ Ìpàtá: Òfin wo? Ṣebí ìbọn oníke làwọn ọmọ wa ń gbé kiri lọ́jọ́ Iléyá. Ta ló mú wọn rí? Máa gbé tìẹ lọ jàre.

Lọ́yà Gáà-Akánbí: Ọmọ Ìpàtá, má ti ọmọlọ́mọ sí kòtò. Oníke ò lè fọ́ èèyàn lójú bí eléyìí. Kì í ṣe lásán làwọn tó ń ṣeré ẹ̀ ń dé ìbòjú. Òfin Ìbọn ti 1959 ò dárúkọ paintball, àmọ́ ó ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ fún lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì inú agolo ló sì ń ti ọ̀dà jáde nínú tìẹ, oníbéèrè. Ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò ìjọba máa dì mú. Òfin ìdigunjalè ti 1984 wá ní ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó ní ìbọn láìgbàwé. Má wo ti 20,000 yẹn o. Adájọ́ ló máa yàn, kì í ṣe ìwọ.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Ọ̀fà kẹ̀? Ọmọ mi, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018 táwọn adigunjalè ya wọ àwọn báǹkì wa, abẹ́ tábìlì ni mo dojú bolẹ̀ sí. Bí táyà bá bẹ́ lónìí, n ó ṣì wólẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró wò ó bóyá ọ̀dà ni?

Bàbá Afẹ̀yìntì: Mo ṣe ọlọ́pàá rí. Lóru, lójú títì, ohun tójú bá rí lọwọ́ ń ṣe. Kọ lẹ́tà sí kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, kó o gba èsì lákọsílẹ̀ kó o tó gbé e kúrò nílé. Bí wọ́n bá gbà, tú gáàsì kúrò, kó ọta ọ̀dà sọ́tọ̀, tì í mọ́ inú àpótí. Ọkọ̀ èrò? Rárá.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti sọ fún wọn ní Ọ̀fà pé ti Sátidé ò ṣeé ṣe mọ́. Ìyá oníwàrà yẹn ló kù tí mo ń wá.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Wàrà mélòó ló dà nù?