Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwé tá a fi sínú àpò oúnjẹ ò wúlò fáwọn ìyá tá a fún

Ìyá Ìbejì Mùṣín, 26 oṣù Karùn-ún 2020

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ sì kú ìfaradà àsìkò yìí.

Àwa obìnrin mẹ́sàn-án kan wà ládùúgbò wa tá a jọ ń dá àjọ tipẹ́. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé tí ìjọba kéde nítorí àrùn Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù Kẹta, a mọ̀ pé ebi ò ní pẹ́ bá àwọn aládùúgbò wa. Alágbàfọ̀ ni wọ́n, aránṣọ, kọ̀ńdọ́, àwọn tó ń kiri ọjà. Ọjọ́ tí wọn ò bá jáde, kò sówó ọbẹ̀. La bá fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò ní kó àjọ lọ́dún yìí, ká fi owó náà ra oúnjẹ fún ìdílé 40 tó ní ọmọ kéékèèké.

Àpò kọ̀ọ̀kan gba gàárì, ẹ̀wà, sóyà kóńgò kan, epo pupa ìgò kan, edé, iyọ̀ àti ọṣẹ. A tún fi ìwé pélébé kan sí i. Ojú kan sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ aṣaralóore àti bí wọ́n ṣe ń sè é. Ojú kejì wà fún ìṣúná: kọ iye tó ń wọlé fún ọ lóṣù, yọ owó ilé, yọ owó iná, yọ èyí tí o máa fi pa mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i, èmi náà ni mo túmọ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Mo bá ìwé wa lórí ike ọ̀gì, ó fi dé e kí eṣinṣin má bàa kó sí i. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni sóyà tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù rẹ̀, ó ṣì kù jìngbìnnì nínú ọ̀rá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Aǹtí, mo sè é lẹ́ẹ̀kan. Kẹrosíìnì inú sítóòfù jó tán, kò rọ̀. Mi ò lè dán an wò mọ́." Ó ní iye tó ń wọlé lóṣù tá a ní kóun kọ, òun ò mọ̀ ọ́n. Òun lè pa ₦1,200 lónìí, kóun pa ₦500 lọ́la, kóun má rí kọ́bọ̀ lọ́tùn-únla.

Látìgbà yẹn ni mi ò ti fara balẹ̀. A fẹ́ pín ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ₦3,000 ló sì máa kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kí ni ká rà? Kí ni ká kọ sínú ìwé náà, àbí ká má kọ nǹkan kan mọ́?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Sóyà yẹn, ẹ má yọ ọ́ o. Purotéènì inú rẹ̀ ju ti ẹ̀wà lásán lọ dáadáa, owó rẹ̀ ò sì tó ti ẹran. Ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í ni pé odindi lẹ fún wọn. Ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ẹ kóra yín jọ, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bó, ẹ sá a kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá yan án nínú agbada títí yóò fi pọ́n tí òórùn rẹ̀ á máa ta sánsán. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun ni kẹ́ ẹ fún wọn. Iná kan ṣoṣo lẹ máa dá fún ogójì ilé.

Kí ìyá bu síbí ńlá méjì nínú ìyẹ̀fun náà sínú ọ̀gì ọmọ nígbà tó ṣì wà lórí iná, kó jọ hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ ní sóyà tí kò jinná, inú ọmọ á dàrú. Ọ̀gì nìkan láàárọ̀ lálẹ́ ló ń jẹ́ kí ọmọ rí bọ̀kọ̀tọ̀ lójú, kó má sì lágbára nínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ fi mílíìkì ọmọ ọwọ́ sínú àpò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmú nìkan ni oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Kódà bí ìyá bá ní Kòrónà, kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó wọ ìbòmú, kó máa fún un lọ́mú lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé kì í ṣe owó gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fún wọn? Ìyá tó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà.

Ìyá Ìbejì Mùṣín

Ọ̀rọ̀ yín ní láárí, mo gbà bẹ́ẹ̀. A fún ìdílé méjì lówó ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló gbà á lọ́wọ́ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnikẹ́ni kì í gba ẹ̀wà lọ́wọ́ ọlọ́mọ.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Bódìjà

Èmi tí mò ń ta oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀wà. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, kẹrosíìnì ló ń jẹ. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé ti ìgbà wo ni, kẹ́ ẹ sì se ìwọ̀nba kẹ́ ẹ tó ra odindi àpò.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: màá rẹ ẹ́ láti alẹ́, màá da omi yẹn nù láàárọ̀. Tó bá ti hó dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, màá sọ ọ́ kalẹ̀ tòun ti ìdérí rẹ̀, màá fi ògbólógbòó ìró dì í yíká bí ẹni di ọmọ, màá gbé e sínú agbọ̀n. Tí mo bá padà dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ooru inú rẹ̀ á ti sè é débì kan. Iná díẹ̀ ló kù. Ẹ kọ èyí sínú ìwé yín, torí ohun tí ìyá yẹn ń sọ fún yín ni pé owó iná ló ń dun òun.

Epo pupa náà, ẹ ní kí wọ́n má yọ ọ́ títí yóò fi funfun. Pupa yẹn lohun tó ń ṣe ojú ọmọ lóore.

Tíṣà Àgbà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìṣúná. Ẹni tó ń jẹ iṣẹ́ òòjọ́ ò ní oṣù, ọjọ́ ló ní. Ìyá Ìbejì, ṣebí ẹ̀yin náà ń dájọ? Ẹ rántí káàdì alájọ: ojúlé 31, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò lè lò ó, ì báà má mọ̀wé. Ẹ tẹ irú rẹ̀. Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, kí òkè wà fún owó tó wọlé, kí ìsàlẹ̀ wà fún owó oúnjẹ. Kí ó fa igi kan fún ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí kò bá rí nǹkan kan, kó ṣe òdo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ á rí ọjọ́ tó yẹ kó ra gàárì tó máa dé ọjọ́ òdo.

Akin tó ń tún fóònù ṣe

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn tí fóònù wọn ò gbé e, kí ọ̀kan nínú yín wọ ìbòmú, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ṣí i fún wọn gbọ́. Kí ó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Abíọ́lá

Ẹ wo àpò tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fáwọn ọmọ ilé ìwé lóṣù yìí nítorí pé ilé ìwé ṣì wà ní títì. ₦4,200 ni wọ́n pè é: ìrẹsì kílò 5, ẹ̀wà kílò 5, ẹyin 15, epo, iyọ̀ àti tòmátò alágolo. Tí ọmọ ilé kan bá ti gba irú rẹ̀, ẹ má fi ìrẹsì kún un mọ́. Ẹyin àti ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ wá.

Ìyá Ìbejì Mùṣín, 4 oṣù Kẹfà

Ọlọ́run á dá yín lóhùn gbogbo. A bọ sóyà lẹ́yìnkùlé mi, a sá a, a yan án. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló mú igi orógùn láàárọ̀, kò sì fún ẹnì kan títí a fi ṣe tán. Òun náà ló sọ̀rọ̀ nínú ohùn tá a gbà sílẹ̀. A ra ẹ̀wà tuntun, ìyẹ̀fun sóyà ìdajì kóńgò, epo, ẹyin mẹ́wàá mẹ́wàá, a sì fi káàdì ojúlé 31 sí i.

Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ òní. Ó ti fi ìṣó kan káàdì náà mọ́ ara ilẹ̀kùn. Igi wà nínú ojúlé mẹ́ta, òdo wà nínú ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì, ó ní kí n bi yín: àbíkẹ́yìn òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje, ṣé síbí ńlá méjì yẹn ò pọ̀ jù fún un?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì

Síbí kékeré kan ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó wo inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó fi kún un. Kó má sì já ọmú lẹ́nu rẹ̀ o.