Ìléfòó eku àti ìrẹ̀wẹ̀sì ènìyàn: èsì láti Ẹ̀pẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìrora iná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kó jọ ní Ìkòròdú fún ìwé pẹlẹbẹ lórí bí wọ́n ṣe ń fi eku wádìí ìrora ara tó jóná, àti ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń bá irú ìrora bẹ́ẹ̀ rìn. Ẹ fi àwòkọ́ṣe túmọ̀ model, ẹ fi ìjóná túmọ̀ burn, ẹ pe allodynia ní ìrora òdì, ẹ sì pe ìdánwò tí wọ́n ti ń ju eku sómi ní ìdánwò àìnírètí. Ìjóná nìkan ni mo lè gbà nínú wọn, òun náà pẹ̀lú àtúnṣe.

Ẹni tí à ń wò kọ́ ìwà là ń pè ní àwòkọ́ṣe. Bí a bá kọ ọ́ pé eku ni àwòkọ́ṣe aláìsàn, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi wá rín. Ẹnìkan láti Àgbádárìgì ti dá àfidípò lábàá. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ìlérí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Awọ eku kò lẹ̀ mọ́ ọn lára bíi tiwa, iṣan pẹlẹbẹ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń fa etí egbò pọ̀ kó lè pa dé. Tiwa lẹ̀ típẹ́, awọ tuntun ló gbọ́dọ̀ hù bo ojú egbò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wádìí bí egbò ṣe ń jinná fi máa ń lo ẹlẹ́dẹ̀, tí awọ rẹ̀ sún mọ́ tiwa. Àfijọ ni èmi fara mọ́: ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè jọ òmíràn. Eku náà, ohun tí a fi jó o, ibi tó ti jóná àti òṣùwọ̀n tí a fi ń wo ìrora rẹ̀, gbogbo wọn lápapọ̀ ló di àfijọ. Ilé àyẹ̀wò méjì lè lo irú eku kan náà kí àfijọ wọn má bára mu rárá.

Ó wá kan ìjóná. Ẹ má kọ ọ́ lásán, ẹ sọ ohun tó jó ẹran náà: ìjóná olómi tàbí ìjóná onírin. Nínú èyí tó fúyẹ́ jù, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn akunilóorun bí isoflurane mú eku sùn, wọ́n á wá ti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bọ omi 52°C fún ìṣẹ́jú àáyá 45. Ẹsẹ̀ náà á pọ́n, á wú, awọ kò ní bó. (Nítorí náà ni n kò ṣe gba ìbó tí àwọn kan fẹ́ fi rọ́pò ìjóná olómi. Kí ló bó níbẹ̀?) Irin tí wọ́n mú gbóná dé 100°C, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, máa ń jó awọ já. Bí ẹsẹ̀ kò bá sì tẹ́jú mọ́ irin, ibì kan á jóná, ibì kan á ṣẹ́kù. Omi ní tirẹ̀ máa ń wọ àárín ọmọ ìka, níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ti ẹ̀yìn ara ni èyí tí àwọn oníwádìí Walker àti Mason kọ jáde ní 1968: wọ́n á fá irun, wọ́n á tẹ́ eku sórí ohun tí wọ́n ti dá ojú ihò sí níwọ̀n-níwọ̀n, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn tó yọ láti ojú ihò náà nìkan ni omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó máa kàn, fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Eku tí ibi tó pọ̀ jóná lára rẹ̀ máa ń pàdánù omi ara púpọ̀. Bí wọn kò bá fún un lábẹ́rẹ́ omi oníyọ̀, ó lè kú.

Ìbéèrè yín pé ṣé ó tọ́ ká ní eku ń jẹ̀rora, nígbà tí kò lè fẹnu sọ ọ́, àwọn àgbà ti dáhùn rẹ̀: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kó lè mọ bó ṣe ń dun ẹyẹ. Dùn tí à ń lò fún ènìyàn la lò fún ẹyẹ. IASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí ìrora, bá wọn níbẹ̀ ní 2020 nígbà tí wọ́n ṣàtúnṣe ìtumọ̀ ìrora tí wọ́n ti ń lò láti 1979. Wọ́n ní àìlèsọ̀rọ̀ kò túmọ̀ sí pé ènìyàn tàbí ẹranko kò lè máa jẹ̀rora. Àwọn náà ló sì ya ìrora sọ́tọ̀ kúrò lára nociception, ìyẹn iṣẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára ń jẹ́ fún ọpọlọ pé ara ń bàjẹ́. Mo rí i pé ẹnìkan pe èyí ní ìkẹ́fín ìpalára. Ẹni tó lajú sílẹ̀ ló ń kẹ́fín, bẹ́ẹ̀ iṣan eku tó ti sùn lọ lábẹ́ oògùn ṣì ń jíṣẹ́. Ìjíṣẹ́ ìpalára ló yẹ.

Ìrora òdì? Òdì sí kí ni? Allodynia ni pé ohun tí kì í dunni tẹ́lẹ̀ wá ń dunni, bí aṣọ tó kàn fara kan etí egbò. Ìrora àfọwọ́bà ló bá a mu. Hyperalgesia ni kí ohun tó ti máa ń dunni tẹ́lẹ̀ wá máa dunni rékọjá bó ṣe yẹ. Mo pè é ní ìrora àlékún. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n yàtọ̀. Fún àfọwọ́bà, wọ́n á gbé eku sórí pẹpẹ wáyà oníhò, wọ́n á fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó lè jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á wá fi okùn ọ̀rá Von Frey tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí okùn á fi tẹ̀. Bí eku bá gbé ẹsẹ̀, wọ́n á mú okùn tó rọ̀ ju ìyẹn lọ. Bí kò bá gbé e, wọ́n á mú èyí tó le jù ú lọ. Chaplan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde báyìí ní 1994, gíráàmù 15 ni wọ́n sì dúró sí, nítorí okùn tó bá le jù á kàn ti ẹsẹ̀ náà sókè fúnra rẹ̀. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń sọ ọ̀rá di rírọ̀. Àwa tí à ń gbé etí ọ̀sà mọ bí afẹ́fẹ́ wa ṣe rí, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé kí wọ́n tẹ okùn kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó lò ó.

Fún àlékún, ọ̀nà tí Hargreaves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ jáde ní 1988 ni: ìmọ́lẹ̀ gbígbóná láti abẹ́ gíláàsì, wọ́n á máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹsẹ̀ á fi yẹ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí 20, kí wọ́n paná, kí ìdánwò má baà dá egbò mìíràn sílẹ̀. Nínú méjèèjì, ibi tí wọ́n dojú kọ ló lè ba èsì jẹ́. Àárín ìjóná tó gba awọ já ti kú, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Etí rẹ̀ ló ń ta. Ẹni tó bá tẹ àárín á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrora ti lọ, nígbà tí eku kò tíì lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dúró jà ni ìdánwò àìnírètí. Porsolt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò yìí jáde ní 1977. Inú ìkòkò gíláàsì gíga ni, omi rẹ̀ bí 25°C, jíjìn rẹ̀ tó kí ìrù má kan ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wákàtí 24 lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 5 tí wọ́n á ka iye àkókò tí eku fi léfòó láìlúwẹ̀ẹ́. Àìnírètí jẹ́ ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n rí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí ni kò sì fara mọ́ ọn mọ́. Ẹ bi apẹja Ẹ̀pẹ́ èyíkéyìí: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, tó ń jà kitakita, òun ló máa ń tètè rẹ̀, ẹni tó fẹ̀yìn lé omi tó léfòó ń tọ́jú agbára de ẹni tó máa fà á jáde. Eku náà lè ti kọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò sí ọ̀nà àbájáde. Ti eku tó jóná tún le jù, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò ní jẹ́ kó tu omi. Bó bá jẹ́ pé oògùn ìrora lásán mú un padà sí ìlúwẹ̀ẹ́, kí là ń wọ̀n tẹ́lẹ̀? Ẹ kọ ìdánwò ìlúwẹ̀ẹ́ àfipáṣe, ẹ pe ohun tí wọ́n ń kà ní ìléfòó, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ pinnu ohun tó fà á.

Bákan náà ni depression. Ìbànújẹ́ kò tó o: ikú, àdánù, ọjà tí kò tà ló ń fa ìbànújẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́nu, kó máa bá ènìyàn lọ. Fún eku, ẹ yọ ọkàn kúrò, ẹ kọ ìṣesí ìrẹ̀wẹ̀sì, nítorí ìṣesí nìkan la rí. Anhedonia, ìyẹn kí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ni mọ́, tí ẹ pè ní àìgbádùn, máa da wàhálà sílẹ̀, torí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá náà là ń sọ pé kò gbádùn. Àìka-adùn-sí ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìgò méjì ni wọ́n fi ń wò ó, ọ̀kan omi lásán, ọ̀kan omi tí wọ́n fi ṣúgà 1% tàbí 2% sí, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ipò wọn kí eku má baà kàn yan apá kan. Nítorí pé eku tó jóná lè máa mu ohun gbogbo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìpín omi ṣúgà nínú gbogbo ohun tó mu ni kí wọ́n kà. Kí wọ́n tún so ìgò kan mọ́ àgò tó ṣófo, kí wọ́n lè mọ iye tó ń jò dànù.

Èyí tó kù ni eku fúnra rẹ̀. Eku inú ilé àyẹ̀wò (rat) tó ti dàgbà sábà máa ń wọ̀n tó gíráàmù 250 sí 500, èkúté (mouse) kò sábà ju 20 sí 40 lọ. Nínú omi, ìṣẹ́jú 6 ni ti èkúté, 4 tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sì ń kà. Bí ẹ bá pe méjèèjì ní eku bí ẹ ṣe ṣe nínú ìwé yìí, akẹ́kọ̀ọ́ á fi òfin ọ̀kan ka èkejì, oògùn tó bá sì wọ̀n fún ọ̀kan lè pa èkejì.