Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wẹ́dà dáná sun mọ́tò mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Òṣogbo ni mò ń gbé. Mo gbé mọ́tò tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Òkè-Baálẹ̀. Táǹkì epo rẹ̀ ń jò. Mo sọ fún un. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ náà sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ tú táǹkì sílẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí nǹkan kan, ó taná sí i. Mọ́tò jóná ráúráú. A dúpẹ́ pé kò mú ẹ̀mí lọ.

Ó wá na rìsíìtì sí mi, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹrù onímọ́tò ni.

Mo ti lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní kí n fi fún Ọlọ́run. Lọ́yà kan ṣàlàyé pé àìbìkítà lásán ni kéèyàn má ṣọ́ra tó bó ṣe yẹ, pé gross negligence ju ìyẹn lọ: kí ewu hàn gbangba, kéèyàn sì kọtí ikún sí i.

Ìbéèrè mi ni pé: níwọ̀n ìgbà tí a ti kìlọ̀ fún un, ṣé ilé ẹjọ́ lè kà á sí gross negligence, kí ọ̀rọ̀ inú rìsíìtì yẹn má lè gbà á sílẹ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.